Kí Ni Ìyókù?

Obìnrin náà kò bá mi jà. Bó bá jẹ́ pé ó bá mi jà ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti tán nínú mi kí n tó palẹ̀ ọjà mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ṣe ló jókòó jẹ́ẹ́ sórí àga tí mo gbé fún un, ó yọ awò ojú rẹ̀ nínú báàgì, ó gbé ẹ̀gbà ọrùn kan lé àtẹ́lẹwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹwà rẹ̀ ló ń wò. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ohun tó ń sọ lábẹ́ ètè: "Kírísítà, okùn méjì. Iyùn mẹ́sàn-án, oníke ni. Aláwọ̀ góòlù yìí, ká pè é ní ìlàjì okùn. Ìkọ́ kan. Okùn ìpẹja, ìyẹn ò tó nǹkan." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó gbójú sókè. "6,500. Ìwọ pè é ní 15,000. Kí ni ìyókù, ọmọ mi?"

Ìṣirò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹ̀. Ìwọ̀nba tó fi lé ohun tí mo ná kò ju owó ọkọ̀ lọ sí Dùgbẹ̀. Ó hàn pé ojú rẹ̀ ti rí ìlẹ̀kẹ̀ rí. Mo ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ ni, mà." Ó ní, "Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni. Iye rẹ̀ ni mo ń bi ọ́." Mo rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí òǹtajà máa ń rín nígbà tí kò bá rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó mú yẹtí kan, kò ná an, ó san iye tí mo pè é, ó ṣàdúrà fún mi pé ọjà á tà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kì í ṣe pé mi ò mọ ọjà ná o. Ta ni yóò tajà nílẹ̀ Yorùbá tí yóò ní kí wọ́n má ná ọjà òun? Ẹni tó bá ní "Ẹ bá mi dín in kù," ohun tó ń wá yé mi, ohun tí èmi náà ń wá sì yé e. A ó jọ fà á síwá sẹ́yìn, a ó rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wa á búra pé òun ò jèrè kọ́bọ̀, irọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí kò ní kí n dín ohunkóhun kù. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ó fẹ́ kí n fi ìka tọ́ ohun tó wà láàárín owó kìíní àti owó kejì, kí òun náà rí i. Ó wá ṣe mí bákan pé láti ìgbà tí mo ti ń sín ìlẹ̀kẹ̀ tà lẹ́yìn iṣẹ́ oṣù, ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí, èmi náà ò sì bi ara mi.

Àsìkò ni ìdáhùn tó kọ́kọ́ ń wá sẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí. Tí oúnjẹ alẹ́ bá ti kúrò nílẹ̀, màá tẹ́ tówẹ̀lì àtijọ́ sínú tíréè kí ìlẹ̀kẹ̀ má baà máa yí kiri, màá wá da kírísítà sí i. Nínú okùn kan, bó ti wù kó dára tó, a kì í ṣàì rí àwọn tí ihò wọn dí, àwọn tí etí wọn ti sán, àwọn tí àwọ̀ wọn fi díẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ wọn. Ìyẹn á kọ́kọ́ jáde. Okùn ìpẹja kò sì fẹ́ ìkánjú. Bí mo bá fà á le jù, ẹ̀gbà ọrùn náà á dúró gbandi, kò ní í sùn sáyà ẹni tó wọ̀ ọ́. Bí mo bá dẹ̀ ẹ́ jù, okùn á máa yọjú láàárín ìlẹ̀kẹ̀, ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ á rí i láti òdìkejì ọ̀nà. Àtàǹpàkò nìkan ló mọ ibi tó yẹ kó dúró sí. Iyùn gidi tún ní wàhálà tirẹ̀. Ihò rẹ̀ kì í dọ́gba, etí ihò náà a sì máa mú, tó fi jẹ́ pé bí okùn rẹ̀ ò bá nípọn, àárín agbo ijó ni yóò já sí. Tí mo bá sín in dópin, màá so ó, màá fi láítà jó ṣóńṣó okùn náà fẹ́ẹ́rẹ́ kó lè dì, màá wá gbé e kọ́ ọrùn ara mi níwájú dígí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ni màá ti rí i pé aláwọ̀ búráùn kan ò bá ìyókù rẹ́. Màá tú u. Gbogbo rẹ̀ á padà sínú tíréè.

Ó ń gba àsìkò, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ì bá ra àsìkò yẹn lọ́wọ́ mi? Ní aago mẹ́wàá alẹ́, tí wọ́n ti mú iná lọ, tí mo gbé tọ́ọ̀ṣì kọ́ ara fèrèsé, kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó ń dúró pé kí n wá bá òun ṣe nǹkan. Àsìkò tí kò ní oníbàárà, èló là ń tà á? Yàtọ̀ sí ìyẹn, bó bá jẹ́ pé àsìkò ni mo ń tà, a jẹ́ pé èyí tí mo tú tí mo tún sín, tí mo tún tú, ló yẹ kó wọ́n jù, kí èyí tó bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà sì lọ lówó pọ́ọ́kú. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà yẹn ló máa ń dára jù nínú ọjà mi. Mi ò tíì rí oníbàárà tó fẹ́ san owó lórí ìrònú tó sọnù.

Ìmọ̀ ńkọ́? Mo gbé ìyẹn náà yẹ̀ wò. Mo mọ iyùn gidi yàtọ̀ sí oníke láìlajú: màá gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, gidi á tutù, ike kì í tutù bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kán oje ọsàn wẹ́wẹ́ sí gidi, á hó, àmọ́ ta ni yóò ba iyùn jẹ́ nítorí àyẹ̀wò? Ìmọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí Balógun ní Èkó, ẹ ó rí àwọn ọmọbìnrin tí ọwọ́ wọn yá ju tèmi lọ fíìfíì, tí wọ́n ń bá oníbàárà jiyàn, tí wọ́n ń jẹun, tí ìka wọn ò sì dúró. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ẹ̀gbà ọrùn tí ẹ̀rọ ṣe ní Ṣáínà wà nínú ọ̀rá, ó ń dán, kò ní àléébù, iye tí wọ́n ń tà á kò sì tó ohun tí mo fi ra ìlẹ̀kẹ̀ lásán. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ kó máa bá dọ́là wọ̀yá ìjà fúnra rẹ̀, iye okùn kírísítà kan lè yí padà láàárín ìgbà tí mo béèrè rẹ̀ lórí fóònù àti ìgbà tí mo dé ọjà, nítorí òkè òkun ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Ẹ wá wo ohun tí mò ń ṣe: bí owó ìlẹ̀kẹ̀ bá lọ sókè, ìyókù yẹn ni mò ń gé kí oníbàárà má baà sá. Mi ò gé owó ìkọ́ rí. Mi ò gé owó ọkọ̀ rí. Ohun tó jẹ́ tèmi níbẹ̀ nìkan ni mò ń gé, ìyẹn sì tó láti fi hàn mí pé èmi gan-an ò kà á sí ohun kan pàtó.

Kì í ṣe èmi ni wọ́n kọ́kọ́ bi ní ìbéèrè yẹn o. Ní 1910, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Leo Frobenius dé Ilé-Ifẹ̀, ó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì àti àfọ́kù ìkòkò tí gíláàsì ti yọ́ lẹ̀ mọ́ ní Igbó Olókun. Nígbà tó fi máa rí àwọn ọnà Ifẹ̀ yòókù, ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé Atlantis, ìlú tí wọ́n ní òkun gbé mì láyé ijọ́hun, ló fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó tẹ̀lé e kò lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ ni pé láti òkè òkun ni gíláàsì náà ti wá, pé ará Ifẹ̀ kàn yọ́ ọ, wọ́n fi rọ ìlẹ̀kẹ̀ ni. Wọ́n ka ohun èlò, wọ́n ní ti àjèjì ni, wọ́n wá wo ọwọ́ tó ṣe é pé kí ló kù fún un. Akin Ige ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára àwọn tó fi àyẹ̀wò ohun tó wà nínú gíláàsì náà yí ọ̀rọ̀ padà: láìmù àti àlúmínà inú rẹ̀ pọ̀ lọ́nà tí kò bá ti Yúróòpù mu, tí kò sì bá ti àwọn Lárúbáwá mu. Abídèmí Babalọlá wá wa ilẹ̀ Igbó Olókun, ó kó ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 jáde níbẹ̀, pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún àfọ́kù ìkòkò ìyọ́gíláàsì, ó sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2017. Àwọn èèyàn yẹn ló se gíláàsì náà fúnra wọn, ṣáájú kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó dé etíkun wa. Wọ́n sì ti rí irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ títí dé Gao ní Mali.

Mo fẹ́ràn ìtàn yìí, mo sì máa ń sọ ọ́ fún oníbàárà tó bá ní sùúrù. Ó máa ń jẹ́ kí wọ́n wo ọrùn ara wọn lọ́tọ̀. Síbẹ̀ kò yanjú ọ̀rọ̀ tèmi. Ará Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí iyanrìn. Èmi ò ṣe kírísítà kan rí láyé mi. Ẹ̀rọ ló gé e, ọlọ́jà ló gbé e wá, èmi kàn pinnu pé èyí ni yóò tẹ̀lé èyí. Ṣé ìpinnu la tún ń dá owó lé? Ohun tó kàn ń wá sọ́kàn mi ṣáá nínú ìtàn náà ni Gao. Ẹni tó jókòó ti iná ní Ifẹ̀ tó rọ ìlẹ̀kẹ̀ kan lè máà mọ̀ pé ìlú kan wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn ti àwọn ẹbí mi rọrùn: ìyókù kò sí. Tí àríyá bá ti ń súnmọ́, àwọn àǹtí mi á pè mí, wọn á ní, "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn." Òwe tí a ń pa fún ẹni tó fẹ́ gbàgbé ara ilé rẹ̀ ni wọ́n fi ń gba ọjà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí mo bá ní ọrùn ni wọ́n fẹ́ kó o sí, pé òwe náà ò sọ̀rọ̀ ọrùn, gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀gbà ọrùn á sì bá wọn lọ. Àwọn tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí ní òwe tí wọ́n fi ń tu ara wọn nínú ní tiwọn: ẹni tó mọ iyì wúrà là ń tà á fún. Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ fọkàn tán òwe yẹn mọ́. Ó ń jẹ́ kí ẹni tí ọjà rẹ̀ ò tà rò pé aráyé ló gọ̀. Obìnrin tó bi mí léèrè yẹn mọ iyì ìlẹ̀kẹ̀, ó mọ̀ ọ́n dé orí ìkọ́. Mímọ̀ tó mọ̀ ọ́n ni kò jẹ́ kó rà á.

Mo ti ń yí ọ̀rọ̀ náà po, nítorí mi ò fẹ́ dé ibi tó ti ń tì mí lójú. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Lọ́sàn-án, wọ́n ń sanwó fún mi kí n lè ṣe ohun tí mi ò ní í ṣe bí wọn ò bá sanwó, ìyẹn yé tọmọdé tàgbà. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni ò bá ra ìlẹ̀kẹ̀, màá ṣì sín in. Mo ti sín in rí nígbà tí mi ò ní oníbàárà kankan, tí mo ń tú u lówùúrọ̀ kí okùn má baà ṣòfò. Ìró kírísítà bó ṣe ń bọ́ sínú tíréè ti pa ìbínú mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gba owó lórí ohun tó ń tù mí lára tó bẹ́ẹ̀? Bí a bá ṣe ìṣirò náà dópin, àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ èmi ló yẹ kí n máa san án. Àbí ti onílù ni ká fi wé? Onílù ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń lù, ìlù náà ń dùn mọ́ ọn ju bó ṣe dùn mọ́ wa lọ, a sì ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Ẹnikẹ́ni ò ní nítorí pé inú rẹ̀ dùn kó gba ìdajì. Ṣùgbọ́n ayọ̀ onílù ń wọ ara wa lójú ẹsẹ̀, a ń fi ẹsẹ̀ wa jẹ́rìí sí i. Tèmi tán sílé lóru, kí oníbàárà tó jí.

Ìyá kan wà ní agbo ilé wa nígbà tí mo wà ní kékeré, àbúrò bàbá bàbá mi ni. Ata ló ń tà, ṣùgbọ́n Ìyá Onílẹ̀kẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Tí wọ́n bá bímọ, tí ọrùn ọmọ bá ti le díẹ̀, òun ni wọ́n ń gbé e lọ bá fún ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Òwú tó ti fi ìda pa ló fi ń sín in, kó má baà tètè já. Ìyá ọmọ á wá máa fojú sí i: bí ìlẹ̀kẹ̀ náà bá ń fún mọ́ ọmọ, ó ń sanra nìyẹn. Bó bá ń yọ̀ lọ sí itan, wọ́n á tètè wá nǹkan ṣe. Ó ń sín lágídígba fún àwọn ọmọge náà, èyí dúdú tí wọ́n ń fi èèpo èkùrọ́ ṣe, tí ẹ ó máa gbọ́ ìró rẹ̀ lábẹ́ aṣọ kí ẹ tó rí ẹni tó ni í. Ara ilé ni gbogbo wọn, ta ló fẹ́ dá owó lé wọn? Síbẹ̀, kó tó so ó, ó máa ń na ọwọ́. Kọ́bọ̀ kan, obì kan, iyọ̀ díẹ̀ nínú ewé, ohun yòówù kó jẹ́. Bí wọn ò bá mú nǹkan dání, á gbé ìlẹ̀kẹ̀ náà lé itan, á sì máa bá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ. Ìyàwó ilé kan ń bá a ṣàwàdà lọ́jọ́ kan pé owó ti wọ Ìyá lójú. Ìyá dá a lóhùn létí mi: "Bí o ò bá fún mi ní nǹkan, tèmi ni yóò wà nídìí ọmọ rẹ. Màá máa wò ó kiri."

Mo rò nígbà náà pé ó ń dẹ́rù bà á ni. Àwọn àgbà ilé wa kì í ṣe aláìdẹ́rùbani. Ọdún pọ̀ lórí rẹ̀ kí ó tó yé mi pé ọ̀rọ̀ lásán ló sọ, bó ṣe rí lára rẹ̀ gan-an. Ẹ bi mí léèrè gbogbo ẹ̀gbà ọrùn tí mo fi tọrẹ, mo ṣì ń wò wọ́n kiri. Bí àǹtí mi bá wọlé síbi ayẹyẹ, kí n tó kúnlẹ̀ kí i tán, ojú mi ti dé ọrùn rẹ̀. Bí kò bá wọ̀ ọ́, ó ń dùn mí. Bó bá wọ̀ ọ́ mọ́ aṣọ tí kò bá a lọ, ó ń dùn mí jùyẹn lọ. Mo fún ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀gbà ọwọ́, ó gbé e fún ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. A ò bá ara wa sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ wò ó, mò ń kọ ọ́ síbí. Àwọn tí mo tà ńkọ́? Mi ò lè sọ ibi tí èyíkéyìí nínú wọn wà. Wọ́n lè ti já, wọ́n lè ti bá ẹni tó rà wọ́n dé Kánádà. Mo gba owó, mo dúpẹ́, ó tán.

Ó wá ń jọ mí lójú pé bóyá ibẹ̀ ni ìyókù náà sùn sí. Owó ìlẹ̀kẹ̀ ń san ìlẹ̀kẹ̀. Ìyókù ni owó tí mò ń gbà kí n lè yé wò ó kiri. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé bí wọ́n bá bá mi ná an títí tí mo fi tà á ní iye tó kéré jù, tí owó ohun èlò sì ti wọlé, inú mi ò ní í dùn fún ọjọ́ mélòó kan. Kọ́bọ̀ mi ò sọnù, mo jèrè díẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ohun náà ti lọ, ọwọ́ mi ò sì tíì kúrò lára rẹ̀. Ẹni tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ rìn dé Gao, ó ní láti jẹ́ pé ẹnì kan ti san nǹkan fún un ní Ifẹ̀, nǹkan tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, tó fi dá ojú padà sídìí iná rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dúró bẹ́ẹ̀. Kò dúró. Mo pàdé oníbàárà kan níbi ìsìnkú ní Ògbómọ̀ṣọ́, obìnrin tó ti ra ẹ̀gbà ọrùn iyùn àti búlúù lọ́wọ́ mi, tó sanwó pé. Ó ti já, ó gbé e lọ bá ẹnì kan lọ́jà, ìyẹn sì tún un sín. Gbogbo ètò rẹ̀ ti yí padà. Iyùn tí mo kó sí àárín ti pín sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, búlúù ti bọ́ síwájú. Mo tẹjú mọ́ ọn títí ó fi bi mí pé ṣé nǹkan wà lára òun ni. Mo ní rárá, mà, ó bá yín mu ni. Irọ́ kọ́ ni mo pa, ohun tó sì ká mi lára jù nìyẹn: ó dára ju bí mo ṣe sín in lọ. Mo délé, mo sín òmíràn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó sì tà. Tó bá jẹ́ pé owó ló ń gba ọwọ́ ẹni kúrò lára nǹkan, kí ni ojú mi tún ń wá lọ́rùn obìnrin yẹn? Ta ló sì ni ìyókù ti èkejì, èmi tàbí ẹni tó jókòó sínú ọjà yẹn, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé owó okùn nìkan ló gbà?

Irú iṣẹ́ kan wà tí kì í fa wàhálà yìí fún mi rárá. Ẹnì kan ní kí n bá òun sín ìdè fún ẹ̀gbọ́n òun tó wà ní Salvador, ní Brazil, aláwọ̀ ewé àti èyí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ti Ifá. Lọ́hùn-ún, ní Cuba, àti níbí, àwọn òrìṣà ti mú àwọ̀ tiwọn: funfun ti Ọbàtálá, pupa àti funfun ti Ṣàngó. Kò sí ohun tí ojú mi fẹ́ yàn níbẹ̀. Mo sín in, mo gbé e lọ fún babaláwo, ó ní ó dára, àmọ́ kò tíì di ìdè, ó ku ohun tí òun máa ṣe sí i. Owó kékeré ni mo gbà. Mo sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn, mi ò sì rántí rẹ̀ mọ́ àfi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìyókù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, èmi ò sì jowú.

Àwọn tó fẹ́ràn mi máa ń ní kí n fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀, kí n gbájú mọ́ ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n á ní ṣebí Jimoh Buraimoh náà, iná ló ń tọ́jú fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládiípọ̀ ní Òṣogbo kó tó bá wọn kópa nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà kan ní 1964, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán títí ayé fi mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni, àpẹẹrẹ tó dára sì ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ló ń san owó ilé mi, màá ní láti ta ohunkóhun ní iyekíye kí oṣù tó parí, ohun tó bá sì wọ̀de ni màá máa sín, aláwọ̀ aṣọ ẹbí lónìí, aláwọ̀ aṣọ ẹbí lọ́la. Owó oṣù yẹn, bó ti wù kó kéré tó, òun ló ń jẹ́ kí n lè gbé ẹ̀gbà ọrùn kan padà sílé láìbínú.

Ọmọbìnrin kan wà ládùúgbò wa tó ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi nírọ̀lẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kò sì bẹ̀rù àwọ̀. Nígbà tó sín ẹ̀gbà ọwọ́ àkọ́kọ́ tó dá ṣe, ó bi mí pé, "Àǹtí, èló ni kí n pè é?" Mo ní kó ka ohun tó ná an, kó fi owó ọkọ̀ sí i, kó wá wá iye tí ẹni tó bá san án lè gbé e lọ tí òun ò sì ní í wẹ̀yìn wò. Ó ronú, ó fi ìka yí i po lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "40,000." Ike àti òwú lásán ni o. Mo ní ṣé orí rẹ̀ pé. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ iye tí mi ò ní í wẹ̀yìn wò."

Mi ò yí i padà. A kọ ọ́ sára pépà, a sì pàtẹ rẹ̀ mọ́ tèmi. Ẹnikẹ́ni ò tíì rà á, ọmọbìnrin náà sì ń wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n mo máa ń rí i dájú pé ó dá a padà kí ọjà tó ṣí. Àwọn tó bá ti kọ́kọ́ gbọ́ 40,000 lórí ẹ̀gbà ọwọ́ yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ bá mi ná tèmi mọ́.